Ibi Tó Tutù Tí Kò Rọ Òjò

Muslimat Sàlámì kì í ṣe olówó, kì í ṣe olóyè, ṣùgbọ́n bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti Mápó bọ̀ wálé, ńṣe ni àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ máa ń sáré tọ̀ ọ́ bí ẹni tó gbóòórùn àkàrà. Tíṣà ni, ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Kúdẹtì. Agbo ilé àwọn alọ́ṣẹ ní Bẹẹrẹ ni wọ́n bí i sí, níbi tí èéfín kì í ti í tán lágbàlá. Láti kékeré, bí ìyá rẹ̀ bá rán an lọ ká aṣọ nírọ̀lẹ́, á dúró sídìí okùn, á máa wòkè, á máa bi ìràwọ̀ pé, "Ta ló ń gbé ibẹ̀ yẹn?" Wọ́n lù ú títí, ìbéèrè náà ò kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tó di tíṣà, ó bẹ baálé, tí í ṣe ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, kí wọ́n yọ̀ǹda ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé fún òun lọ́sàn-án Sátidé, kí òun máa fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ nípa ojú ọ̀run. Baálé gbà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn di ayọ̀ Muslimat. Díẹ̀ ló sì kù kó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fà á. Lọ́jọ́ kan, ó ń sọ nípa Máàsì, ayé pupa tó ń bá tiwa yí oòrùn ká. Ó ní, "Ibẹ̀ tutù, ó tutù ju inú fírísà lọ." Ọmọ kan délé, ó gbàgbé fírísà. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ àgbà, Ìyá Waliyat tó ń po ọṣẹ dúdú, pé àǹtí àwọn ní ibì kan wà lókè tó tutù.

Ìyá Waliyat sọ orógùn sílẹ̀. "Tutù? Aṣọ tí kò gbẹ ló ń tutù. Ibi tó bá tutù, omi ń bẹ níbẹ̀. Bí omi bá sì ń bẹ níbẹ̀, ta ló ń pọn ọ́n?"

Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti dé Ọjà'ba pé Muslimat ti rí àwọn èèyàn lójú ọ̀run, wọ́n tò sídìí kànga. Afeez tó ń tún bàtà ṣe lẹ́nu ọ̀nà ní, "Àwọn wọ̀nyẹn, ibo ni wọ́n ń kọjú sí tí wọ́n bá ń kírun?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ò rẹ́rìn-ín rárá.

Baálé ránṣẹ́ pè é lọ́jọ́ Jímọ̀. "Muslimat, mo ní kí o fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọ́ ọmọ, mi ò ní kí o fi da ilé rú. Lọ́la, lẹ́yìn ìrun Àílà, wá là á yé àwa àgbà. Bí kò bá yé wa, kó ẹní rẹ kúrò níbẹ̀."

"Mo gbọ́, Bàbá. Ẹ ṣé."

Ẹlòmíì ìbá bínú, ìbá ní òpè ni gbogbo wọn. Muslimat ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jókòó ti ara rẹ̀, ó rò ó: omi inú àmù tutù, aṣọ tí òjò pa náà tutù. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹnu òun ló ṣì í, kì í ṣe etí ọmọ.

Ọjọ́ kejì, àwọn àgbà jókòó. Ìyá Waliyat wà níwájú, ó káwọ́ gbera.

"Ẹ̀yin ìyá mi," Muslimat bẹ̀rẹ̀, "ṣé ọyẹ́ tutù?"

"Ó tutù ni o!"

"Ṣé ó ń rọ òjò?"

"Òjò kẹ̀?" Ìyá Waliyat dá a lóhùn. "Ètè á bó, gìgísẹ̀ á là, aṣọ á gbẹ kí a tó sá a tán."

"Bí Máàsì ṣe tutù nìyẹn, mà. Ọyẹ́ tí kò lópin. Omi tó wà níbẹ̀, ó ti dì gbagidi."

"Họ́wù! Ọyẹ́! Kí ló dé tí o ò tètè sọ bẹ́ẹ̀, ìwọ ọmọ yìí? O jẹ́ kí n máa pọnmi káàkiri ojú ọ̀run!"

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Baálé nìkan ni kò rín. "Ó dáa. Wọ́n ní àwọn onímọ̀ ń wá ẹ̀dá lókè, omi ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń bèèrè. Kí ló dé? Ṣé Ọlọ́run ò lè dá ohun tí kì í mu omi ni?"

"Ó lè dá ohun tó bá wù ú, Bàbá. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹlẹ́mìí tí a mọ̀, títí dórí èèrà, omi ni wọ́n ń lò. Ẹni tó ń wá ewúrẹ́ tó sọnù, ibi tí koríko wà ni yóò kọ́kọ́ yà sí."

Ó fa ajere jáde, ìkòkò oníhò tí àwọn alọ́ṣẹ fi ń sẹ́ omi eérú. Eérú èèpo kòkó kún inú rẹ̀. Ó gbé òkìtì yìnyín lé e lórí, ó gbé abọ́ sábẹ́.

"Ìyá, ṣé ọṣẹ ti ń bọ̀?"

"Ọṣẹ níbo? Yìnyín jókòó lórí eérú bí ìyàwó tó ń bínú!"

Wọ́n dúró. Ooru Ìbàdàn kì í gba yìnyín láyè. Kò pẹ́, ó ń yọ́, ó ń rin wọnú eérú, omi pupa rẹ́súrẹ́sú sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán sínú abọ́.

"Nígbà tó dì, kò lè rìn," Muslimat wí. "Bí mo bá sè é gbẹ, á bá atẹ́gùn lọ. Èyí tó ń ṣàn yìí ni alárinà. Òun ló wọlé tọ eérú lọ, tó mú agbára rẹ̀ jáde, tí yóò fà á lé àdín lọ́wọ́. Láìsí i, eérú àti àdín lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn títí ayé, wọn ò ní di ọṣẹ. Bẹ́ẹ̀ ni inú ara wa. Gbogbo ohun tó ń pàdé kí ẹ̀mí tó dúró, inú omi ni wọ́n ti ń pàdé. Òṣùpá kan wà lọ́nà jíjìn, lọ́dọ̀ ayé ńlá mìíràn tí wọ́n ń pè ní Júpítà. Yìnyín bò ó lójú, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé òkun wà lábẹ́, bí ẹ̀kọ mímu tó ti dì lójú tí abẹ́ rẹ̀ ṣì ń ṣàn."

Baálé tẹ̀ síwájú. "Wọ́n wá ti rí ẹnì kan níbẹ̀?"

Ó lè parọ́, wọn ì bá gbà á gbọ́ lọ́jọ́ yẹn.

"Rárá, Bàbá. Wọn ò tíì rí nǹkan kan, kódà kòkòrò. Mi ò sì mọ̀ bóyá wọ́n máa rí."

Baálé ní, "Ẹni tó lè sọ pé òun ò mọ̀, a lè fi ọmọ tì í. Jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ."

Nígbà tí àwọn ọmọ dé ní Sátidé kejì, wọn ò ráyè. Àwọn àgbà ti gba gbogbo ẹní. Ìyá Waliyat yíjú padà láti iwájú, ó fi ìka lé ètè.

"Ẹ dúró sẹ́yìn níbẹ̀, kí ẹ sì panu mọ́. Òkun abẹ́ yìnyín la fẹ́ gbọ́."