Òkè Méjì Lórí Bébà

Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn ọtí tí a fi ń fọ igò ní yàrá ìwádìí, Choba, níbi tí mo ti lọ sí yunifásítì, ni ọkàn mi máa ń sáré lọ. Ọdún àṣekágbá mi nínú ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì ni. Mo rù bí igi ìṣáná, síbẹ̀ mo máa ń gbórí rìn bí ẹni pé èmi ni mo kọ́ iná bó ṣe ń jó.

Nínú iṣẹ́ ìwádìí mi, mo fẹ́ mọ bí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, àwọn ohun tíntìntín tó ń gbé iná kiri, ṣe máa ń gba inú ẹ̀rún irin tí ojú kò lè rí ránṣẹ́ síra wọn. A máa ń so èròjà kan náà lọ́pọ̀ mọ́ ara ẹ̀rún irin náà yíká. Bí ìsopọ̀ náà kò bá dára, kò sí èyí tó mọ ohun tó ń ṣe èkejì nínú àwọn èròjà náà. Gbogbo wọn á tú ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sílẹ̀ pọ̀, ẹ̀rọ á sì ya òkè kan ṣoṣo sórí bébà. Àmọ́ bí ìsopọ̀ bá dára, tí èyí bá tú tirẹ̀ sílẹ̀, èkejì á gbọ́, á sì lọ́ra. Òkè á wá di méjì.

Mo rí òkè méjì. Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi wò ó fìrí, ó ní ìdọ̀tí ni òkè kejì, kí n yọ ọ́ kúrò. Mo fọ gbogbo igò, mo tún un ṣe, òkè méjì náà ló tún yọ. Ó ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í jáde láti yàrá tí iná ń lọ tó ń bọ̀. Bí n kò bá yọ ọ́, òun kò ní buwọ́ lu ìwé iṣẹ́ mi.

Bàbá mi, òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù tí ìjọba gbé wá láti ilẹ̀ wa, pè mí jókòó. "Bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Gbà fún un, kí o gba ìwé ẹ̀rí rẹ."

"Dádì, irọ́ ni mo máa fi gbà á."

"Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà."

"Ẹ jẹ́ ó kùtà, sà."

Ọmọ Okrika tí a jọ ń gbé yàrá ní Aluu, nítòsí ilé ìwé, nìkan ló gbè mí. "No gree for am o!" ló ń pariwo, bó ṣe ń bá mi gbé kẹ́ẹ̀gì epo jẹnẹrétọ̀ lọ sí yàrá ìwádìí.

N kò gbà. Olùkọ́ náà kò buwọ́ lù ú. Àwọn ẹgbẹ́ mi wọ aṣọ oyè, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Èmi padà sídìí igò lábẹ́ olùkọ́ mìíràn, obìnrin tí kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó dúró tì mí títí ẹ̀rọ fi ya òkè méjì náà tán, ó wò ó pẹ́, ó ní, "Kọ ọ́ bó o ṣe rí i." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́, ó sì buwọ́ lù ú.

Àwọn ènìyàn máa ń bi mí bóyá ọdún tí mo pàdánù yẹn dùn mí. Ó dùn mí. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń gbowó oṣù nígbà tí mo ṣì ń tọrọ owó kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ ìyá mi. Ṣùgbọ́n mo ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí, orí mi sì ti tutù ju ti ìgbà yẹn lọ; síbẹ̀, bí wọ́n bá dá mi padà síwájú olùkọ́ àkọ́kọ́ yẹn lónìí, n kò ní yọ òkè kejì náà.