Kóòtù Nínú Pálọ̀

Bí ẹ bá wọ pálọ̀ Aunty tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa ní Peckham nígbà òtútù, ẹ ò ní lè bọ́ kóòtù yín. Àwọn náà kì í bọ́ tiwọn. Hítà wọn ò bàjẹ́ o. Wọn kì í kàn tàn án ni. Ó wù mí kí n mọ ìdí rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí ni ọ̀dùnkún òyìnbó tí wọ́n tò sínú kiréètì ẹyin lójú fèrèsé.

"Aunty, ṣé ẹ ò ní sè é ni?"

"Èyí? Mo máa gbìn ín tí òtútù bá lọ."

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, wọ́n ní kí n bá wọn ṣọ́lé kí wọ́n tó ti mọ́sáláṣí dé. Àánú wọn ṣe mí, mo bá tan hítà. Bí wọ́n ṣe wọlé, ọ̀dùnkún ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ kàn kí wọ́n tó bá mi sọ̀rọ̀.

"Ooru ló ń jẹ́ kó sáré hù. Ohun tó bá sáré hù kì í le."

Wọ́n ti padà sí Ìbàdàn báyìí. Lánàá, ọmọ mi ti school dé, ó ń gbọ̀n: "Mummy, kí ló dé tí pálọ̀ wa cold báyìí?"

Mo wo ọ̀dùnkún tí mo tò sínú kiréètì ẹyin tí Aunty fi sílẹ̀ fún mi. Mo ní kó lọ wọ kóòtù ẹ̀.