Wàrà Tí Mo Jẹ Nílé Àna Mi ní Ògbómọ̀ṣọ́

Súìtì rírọ̀ méjì péré ni mo jẹ lẹ́yìn ìsìn, lọ́jọ́ Ìsinmi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ọ̀yọ́. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, ètè mi ti wú, gbogbo ara ń yún mi, ọ̀nà ọ̀fun mi sì ń fún. Ọlọ́run ló ní kí aládùúgbò wa wà nílé pẹ̀lú mọ́tò rẹ̀, òun ló gbé mi dé ilé ìwòsàn. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti pa ẹran tì, nítorí dókítà sọ pé ara mi kọ ẹran ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Mo búra fún dókítà náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé n kò fẹnu kan ẹran. Ó ní kí wọ́n lọ mú ọ̀rá súìtì náà wá, ó sì fi ìka tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan lára rẹ̀: jẹ́látìnì.

Ara awọ àti egungun màlúù tàbí ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ẹ ṣáà mọ omi ẹsẹ̀ màlúù tó bá wà nínú ìkòkò di àárọ̀, tó wá dì gbagidi. Òun náà ni, wọ́n kàn ti fọ òórùn rẹ̀ kúrò ni. Ó wà nínú súìtì, ó wà lára kápúsù òògùn, ó wà nínú àwọn yógọ́ọ̀tì kan. Dókítà ní mílíkì lásán kò ní ṣe mí ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí mo bá jẹ ohun tí kò dá mi lójú, kí n ṣọ́ ara mi fún wákàtí mẹ́fà, torí wàhálà yìí kì í dé lójú ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ilé onílé ti ń bà mí lẹ́rù.

Ẹ ó wá mọ bó ṣe rí lára mi nígbà tí Bísọ́lá, ọmọ mi, sọ pé ìyá Wàsíù tí òun fẹ́ fẹ́ ń retí mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ti di ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú báàgì, ó bá gbá mi lọ́wọ́ mú.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ oúnjẹ jáde nílé wọn o! Wọ́n á ní ẹ rò pé wọ́n fẹ́ fi nǹkan sí i fún yín."

Òótọ́ ló sọ, mo bá kó wọn jáde. Ẹni tó bá kọ oúnjẹ àna lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ti pe onílé ní olóró láìlanu.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán nígbà tí èmi nìkan dé gáréèjì. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni owó ọkọ̀, àwa mẹ́ta la há sí ẹ̀yìn. Ọ̀nà náà dán níbì kan, ó sì já sí kòtò níbòmíràn, àwọn tírélà ń fọn fèrè mọ́ wa lórí. Obìnrin tó jókòó tì mí na súìtì sí mi. Mo ní rárá, mo dúpẹ́.

Awakọ̀ wò mí nínú dígí. "Màámi, kò sí oògùn nínú súìtì o!"

"Ọmọ mi, súìtì ti pa mí lẹ́ẹ̀kan rí," ni mo dá a lóhùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí a fi gun afárá odò Ọba.

Mo sọ̀ ní ìkóríta Takie, mo wọ kẹ̀kẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà dé ilé wọn. Àlájà, ìyá Wàsíù, dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú ewu ọ̀nà o, ìyá ìyàwó wa!"

Ó fún mi ní omi tútù, mo mu ún tán. Lẹ́yìn náà ni Wàsíù gbé yógọ́ọ̀tì wá nínú ike ńlá kan, ó fi ìkúnlẹ̀ gbé e síwájú wa. Mo rántí jẹ́látìnì.

"Ẹ má bínú, Àlájà," ni mo wí. "Ààwẹ̀ ni mo wà."

"Ààwẹ̀ wo? Ààwẹ̀ tí ẹ fi omi mi ṣínu tán yẹn?"

Ojú tì mí. Ó ń wò mí, ẹ̀rín sì ti kúrò lójú rẹ̀. Mo rí i pé ìgbéyàwó ọmọ mi ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi síbẹ̀, ni mo bá sọ gbogbo rẹ̀: súìtì, ilé ìwòsàn, jẹ́látìnì.

"Jẹ́látìnì kẹ̀?" Àlájà fa ike náà mọ́ra. "Wàsíù, gbé ìgò ojú mi wá! Ẹlẹ́dẹ̀ ni èmi ń sá fún nínú rẹ̀ láti ọjọ́ yìí." Ó kà á, ó tún un kà. "Ó wà níbí! Wọn ò sì sọ ẹran wo ni. Wàsíù, ṣé o ò kà á kí o tó rà á ni?"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́ mà. Èyí tó wọ́n jù ni mo rà."

"Gbé e kúrò níwájú wa!" Ó yíjú sí mi. "Ìyá Bísọ́lá, ẹ fẹ́ fi ìtìjú pa ara yín, kí ẹ sì jẹ́ kí èmi mu ẹlẹ́dẹ̀ mọ́ ọn?"

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó ránṣẹ́ pe obìnrin Fúlàní tó ń ta wàrà. Omi ewé bọ̀mubọ̀mu ni wọ́n fi ń mú mílíkì dì, kò sí awọ, kò sí egungun níbẹ̀. Síbẹ̀, mo béèrè nípa òróró tí wọ́n máa fi dín in. Àlájà kò bínú. Ó fọ páànù mọ́, ó ṣí òróró ẹ̀pà tuntun, ó sì dín in lójú mi. Aago mọ́kànlá ni mo jẹ ẹ́, ó dùn, ó rọ̀, ata rẹ̀ kò pọ̀ jù. Mo sọ fún un pé títí wákàtí mẹ́fà á fi pé, ọkàn mi kò ní balẹ̀.

Mo dé Ọ̀yọ́ láago mẹ́rin. Mo jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ṣùgbọ́n n kò rán nǹkan kan. Ọrùn mi ni mò ń fọwọ́ kàn, tí mò ń wo aago. Bó ṣe lu márùn-ún ni fóònù dún.

"Àna mi, ó ti pé o. Ara ńkọ́?"

Mo gbé itọ́ mì, ó lọ wọ́ọ́rọ́.

"Ara le, Àlájà."

"Alihamudulilai! Ẹ jẹ́ kí n lọ dáná wàyí. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, n kò tíì lè ṣe nǹkan kan."