Bọ́tìnì Abẹ́ Bẹ́líìtì

Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti lù. Èmi, bàbá mi àti ìyá elépo òyìnbó tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa nìkan ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù ní Dópẹ́mu, nígbà tí ẹ̀rù tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí wọlé. Mo ṣì kéré, àmọ́ mi ò kéré jù fún ilé ìwé. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń kàwé. Èmi ń jókòó sábẹ́ tábìlì bàbá mi, mò ń tú bọ́tìnì.

Télọ̀ ni bàbá mi. Ó máa ń ra ẹrù òkìríkà láti fi tún aṣọ oníbàárà ṣe, ẹ̀wù sójà àtijọ́ sì máa ń wà nínú rẹ̀. Èmi ni mò ń tú àwọn bọ́tìnì idẹ ara wọn. Àtàǹpàkò ni bàbá mi fi kọ́ mi láti dá wọn mọ̀, nítorí idẹ tó ti pẹ́ kì í hàn sójú dáadáa. Èyí tó bá ní adé, ti ọba òyìnbó ni. Èyí tó bá ní igi ọ̀pẹ, ti àwọn èèyàn wa tó lọ jà ní Bọ́mà ni. Bàbá bàbá mi wà lára wọn, bọ́tìnì rẹ̀ kan sì wà nínú agolo tí à ń kó bọ́tìnì sí. Mo mọ adé yàtọ̀ sí ọ̀pẹ kí n tó mọ A yàtọ̀ sí B. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ní ẹyẹ idì, ti àwọn sójà tó ń ṣèjọba lé wa lórí nígbà náà ni.

"Idì ò gbọdọ̀ sùn nílé mi," ni bàbá mi máa ń wí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á lónìí lè fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bíríkìlà kan ládùúgbò wa so bẹ́líìtì sójà mọ́ ṣòkòtò lọ síbi iṣẹ́. Àwọn sójà mú un, wọ́n ní ẹrù ìjọba ni. Nígbà tí wọ́n fi máa dá a sílẹ̀, etí rẹ̀ kan kò gbọ́ràn mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tú bọ́tìnì kan kúrò lára kóòtù, àtàǹpàkò mi sì bá apá ẹyẹ pàdé. Bàtà dúdú ńlá dúró síwájú tábìlì. Mo di ọwọ́ mi pa.

"Bàbá télọ̀, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Bọ́tìnì mi kan já. Wọ́n ní ẹ máa ń ní irú ẹ̀."

Bàbá mi kò gbójú sókè. "Wọ́n purọ́ fún yín. Mi ò ní."

Ẹnu ìyá elépo òyìnbó kì í sinmi. Ó ní, "Sójà, ṣé bọ́tìnì ló já ni àbí ìfun? Ẹ wo bí ẹ ṣe ń gbọ̀n."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo yọjú wò ó. Ọmọkùnrin kan ni, kò tíì hu irùngbọ̀n.

"Ìyá, pàréèdì ń bẹ láàárọ̀ ọ̀la. Ọ̀pá ni ọ̀gá wa fi ń kan bọ́tìnì wa ní kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí tiẹ̀ ò bá pé, àtìmọ́lé ni. Bàbá, ẹ dákun, ẹ bá mi wo inú agolo yẹn."

Bàbá mi da agolo náà sórí tábìlì níṣojú rẹ̀. Adé àti ọ̀pẹ nìkan ló wà níbẹ̀. Idì wà lọ́wọ́ mi, òógùn ti bò ó. Bí mo bá yọ ọ́, ọmọkùnrin yìí bọ́. Bó bá sì jẹ́ pé ṣe ni wọ́n rán an wá dán wa wò, bàbá mi ni wọn yóò mú lọ, mi ò sì ní ẹlòmíràn láyé. Bàbá mi rọra fi ẹsẹ̀ tẹ orúnkún mi. Mo mọ̀ pé ó mọ̀.

Ó kọjú sí sójà náà. "Bọ́ ẹ̀wù yẹn, ọmọ mi."

Ó tú bọ́tìnì ìsàlẹ̀, ibi tí bẹ́líìtì ńlá wọn máa ń bò, ó rán an sí àyà níbi tí èyí àkọ́kọ́ ti já. Lẹ́yìn náà ló mú ọ̀pẹ bàbá rẹ̀, ó rán an sísàlẹ̀.

"Kí lèyí, bàbá?"

"Ọ̀pẹ ni. Ṣáà má tú bẹ́líìtì."

"Tí wọ́n bá ní kí n tú u ńkọ́?"

"O ò mọ ṣọ́ọ̀bù mi nìyẹn."

Sójà dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá mi pẹ̀lú aṣọ ìjọba lọ́rùn, ó sì lọ. Ìyá elépo òyìnbó dìde, ó gbọn ìró rẹ̀. "Èmi ò rí nǹkan kan o. Láti àná ni ojú ti ń ṣe mí bàìbàì."

A kò sùn lóru ọjọ́ yẹn. Bí ọkọ̀ bá ti kọjá, bàbá mi á dìde jókòó.

Ayé ti yí padà. Ní Ìgándò tí mò ń gbé báyìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá mi láìpẹ́ yìí. Ó máa ń kó ẹrù sójà àtijọ́ jọ, ó ń ya àwòrán wọn sórí fóònù fún gbogbo ayé láti wò. Mo fi èyí tó ṣẹ́kù nínú agolo hàn án. Ó dá adé mọ̀, ó dá ọ̀pẹ mọ̀.

"Bàbá, ẹ ò ní oní-idì?"

"Mi ò ní," ni mo dáhùn, ohùn bàbá mi ló sì jáde lẹ́nu mi. Ìyá àwọn ọmọ mi nìkan ni mo tíì sọ ìdí rẹ̀ fún, òun náà sì ti dolóògbé.

Ní Dópẹ́mu ọjọ́ náà lọ́hùn-ún, láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí sójà náà wá, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, bàbá mi ti ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, ó kọjú sí títì, kò rán nǹkan kan. Mo mú idì lọ sẹ́yìnkùlé, mo jù ú sínú ṣáláńgá. Bí mo ṣe ń retí kí n gbọ́ ìró rẹ̀, mo gbọ́ ìró ọkọ̀ akẹ́rù àwọn sójà tó ń bọ̀. Ó sún mọ́ ṣọ́ọ̀bù wa. Ọkọ̀ náà kọjá, kò dúró.

Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ ẹ̀rọ bàbá mi tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.