Ọbẹ̀ Tí Yèyé Mi Fi Tọ́jú Ẹsẹ̀ Bàbá Mi

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Òkè-Àgbò, n'Íjẹ̀bú-Igbó, kò sí ohun tó ń dẹ́rù bà mí tó igbe bàbá mi. Agégẹdú ni, ó máa ń wọgbó lọ gé igi ńláńlá, alágbára ọkùnrin sì ni. Mi ò rí omi lójú rẹ̀ rí títí di àárọ̀ Sọ́ńdè kan tí a ń múra ṣọ́ọ̀ṣì. Bó ṣe fẹ́ ki ẹsẹ̀ bọ bàtà ló ké, ó sì ṣubú padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ó pọ́n, ó ń dán, ó gbóná janjan. Aṣọ ìbora lásán kàn án, ó tún ké.

Ẹ̀yin ọmọ mi, gbogbo ilé dàrú. Àwọn kan ní ó ti tẹ nǹkan burúkú nínú igbó. Yèyé mi kò gbà. Ó ní iṣẹ́ igbó ló ti fa ẹ̀jẹ̀ ọkọ òun gbẹ. Èmi ló máa ń rán lọ sí ọjà ní Àtìkórí láti ra ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín màlúù, á wá da edé tí wọ́n ń kó bọ̀ láti etí omi sí i, á sè é. Bàbá á mu ọbẹ̀ náà, á sì fi ẹmu lé e kí ìrora lè rọlẹ̀. Lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́wàá, wíwú náà lọ. Yèyé mi kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ pé ọbẹ̀ òun ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n àìsàn náà kò yéé padà wá. Ó mú orókún, ó mú ọrùn ọwọ́. Bó bá ti dé, yèyé mi á fi kún ẹ̀dọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá mi ní kó gbé àáké òun wá.

"Kí lẹ fẹ́ fi àáké ṣe?"

"Gé ọmọ ẹsẹ̀ yìí kúrò fún mi. Mo bẹ̀ ọ́."

Yèyé mi bú sẹ́kún. "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ lójú ọmọ. Ẹ jẹ́ n lọ se ọbẹ̀ wá."

Èmi ni mo fi ṣíbí bu ọbẹ̀ náà sí i lẹ́nu lọ́jọ́ yẹn.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ojú rẹ̀ wú, ìtọ̀ rẹ̀ ò dà dáadáa mọ́. Kò pẹ́ tó fi kú.

Lọ́dún tó kọjá, ẹsẹ̀ tèmi náà wú. Ọmọ ọmọ mi tó wà ní yunifásítì gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà kan ní Àgọ́-Ìwòyè. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó bi mí nípa bàbá mi, mo sì ròyìn gbogbo rẹ̀.

"Màmá," ó ní, "yúríkì ásíìdì ló pọ̀ lẹ́jẹ̀ yín. Ara ló ń ṣe é, àwọn oúnjẹ bí ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, edé, àti ọtí, sì máa ń fi kún un. Kíndìnrín wa ló yẹ kó gbé e jáde nínú ìtọ̀. Bí kò bá gbé e jáde tó, ó lè di ohun wẹ́wẹ́ tó mú bí abẹ́rẹ́ sínú oríkèé ara, bó bá sì pẹ́, ó lè ba kíndìnrín náà jẹ́."

"Ọbẹ̀ wa ló pa á nìyẹn?"

"Kì í ṣe oúnjẹ nìkan, àìsàn náà máa ń wà nínú ìdílé. Wíwú náà sì máa ń lọ fúnra rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ fi rò pé ọbẹ̀ ló wò ó sàn. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ náà kò ràn án lọ́wọ́, Màmá."

Mo gba ìwé oògùn tó kọ fún mi.

Ayé ti yí padà. Ẹ̀jẹ̀ bíńtín nínú ìgò ti sọ ohun tí odidi ìdílé wa kò mọ̀. Oògùn wà, mò ń lò ó, mo sì ń rìn. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, inú fóònù yín lẹ ti lè ka gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n yèyé mi ṣì wà láyé, ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, etí rẹ̀ sì ń gbọ́ kedere. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló bi mí bóyá dókítà mọ ohun tó pa bàbá mi. Mo ní kò mọ̀ ọ́n. Bó bá bi ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní ẹ ò mọ̀.