Ẹni Tó Ń Kan Páìpù Lọ́sàn-án Gangan

Àwọn tó mọ̀ mí ní Sabon Zongo, àdúgbò wa, mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu mi. Ẹni tí òótọ́ pàápàá ṣòro fún láti sọ, ibo ló ti fẹ́ rí agbára irọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́. Ojú mi ló rí i, etí mi ló gbọ́ ọ.

Iṣẹ́ páìpù púùlù ìlúwẹ̀ẹ́ ni mò ń bá Bùrọ̀dá Ráṣídì ṣe, àbúrò màmá mi. Òun ló ń wọ inú omi, èmi ló ń dúró nínú yàrá pọ́ǹpù ti àwọn fáàfù tí a fi ń ṣí omi, tí a sì fi ń dá a dúró. Nítorí pé ohùn mi kì í jáde, tí òun náà kò sì lè sọ̀rọ̀ lábẹ́ omi, a fi àdéhùn sí i: tó bá kan páìpù lẹ́ẹ̀kan, kí n pa fáàfù dé, tó bá kàn án lẹ́ẹ̀mejì, kí n ṣí i.

"Tí iná bá ń jó ilé," Bùrọ̀dá máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, "etí iná ni ọmọ yìí máa lọ sọ ọ́ sí."

Ilé àtijọ́ kan ni wọ́n pè wá sí, páìpù irin ni gbogbo rẹ̀. Mègádì, bàbá Hausa kan, ṣí géètì fún wa, àmọ́ kò bá wa dé ìdí púùlù.

Ìdérí ihò ìsàlẹ̀ omi ló fọ́. Ó yẹ ká pa pọ́ǹpù, ṣùgbọ́n a ṣẹ̀ṣẹ̀ da oògùn sómi, onílé sì fẹ́ kó máa yí po. Nítorí náà mo pa fáàfù ìsàlẹ̀ dé, a fi ti òkè nìkan sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ẹ jẹ́ kó yé yín o: bí mo bá ṣí ti ìsàlẹ̀ nígbà tí ọwọ́ Bùrọ̀dá wà nínú ihò yẹn, pọ́ǹpù á fà á mọ́lẹ̀, kò sì ní í gòkè mọ́.

Ọ̀sán gangan ni. Ìyá mi àgbà máa ń sọ pé ẹni tó ń rìn lọ́sàn-án gangan kì í nìkan rìn.

Mo gbọ́ tí Bùrọ̀dá bọ́ sómi. Ó pẹ́ díẹ̀.

Kó, kó.

Mo gbọ́wọ́ lé fáàfù ìsàlẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹsẹ̀ mi kọ lu nǹkan nílẹ̀. Sípánà Bùrọ̀dá ni. Òun kan ṣoṣo la ní, òun ló sì fi ń kan páìpù. Ó gbàgbé rẹ̀ síbí.

Kí ló wá ń kàn?

Kó, kó. Ó yá sí i, bí ẹni tínú ń bí. Ohùn kan jáde látinú páìpù, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ohùn tó jọ tèmi gan-an:

"Ṣí i. Jọ̀ọ́, ṣí i."

Yorùbá ni, nínú ilé tí kò sí Aláta kankan, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí, àfi àwa méjèèjì.

Orí mi wú. Mo pa pọ́ǹpù, mo sáré jáde. Bùrọ̀dá wà nísàlẹ̀ omi, ó ń ta ẹsẹ̀ gidigidi, ọwọ́ rẹ̀ há sínú ihò. Mo pariwo. Èmi! Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Àfi bí ohun tó dì í mú ṣe jù ú sílẹ̀ lójijì.

Ó gòkè, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Kí ló dé tóo fi ṣí i? Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

"Mi ò ṣí i, Bùrọ̀dá. Ẹ lọ wò ó."

Ó lọ wò ó. Gbọn-in ni fáàfù wà, bí mo ṣe pa á dé. Ó wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó sì nà án sí mi. Àpá ìka ló wà níbẹ̀, kéékèèké, bíi tọmọdé.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ kan páìpù?"

"Kí ni mo fẹ́ fi kàn án?" Ohùn rẹ̀ ti kéré ju tèmi lọ.

Ariwo mi ti mú mègádì dé ẹ̀yìn ilé. Kò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó rọra sọ ọ́ ní Hausa: "Kai. Ẹ̀ẹ̀mejì ló kàn, àbí?"

Ẹ gbà mí gbọ́, a ò tíì sọ nǹkan kan fún un. Ó ti lọ ṣí géètì sílẹ̀ gbayawu kí a máa lọ.

Bùrọ̀dá ò wọ púùlù kankan mọ́ látìgbà náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí, kí ẹ tó ṣí fáàfù, ẹ kọ́kọ́ lọ wo ojú ẹni tó ń kàn.

Mi ò tíì sọ èyí fún Bùrọ̀dá: lánàá, lọ́sàn-án, mo fẹ́ pọnmi lẹ́nu ẹ̀rọ àgbàlá wa. Páìpù kàn lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbé korobá mi, mo fi òùngbẹ wọlé.

Ẹ̀yin náà, ẹ má ṣí i.