Kúìtì Ewé Fúrúùtù Tí Bàbá Mi Tú

Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí láti ọdún tó kọjá pé kí ló dé tí mi ò gbé kúìtì tuntun sójú ìkànnì mi mọ́, ẹ fara balẹ̀. Mo ti ń sá fún ìbéèrè yẹn tipẹ́. Lónìí mo fẹ́ sọ ohun tójú mi rí, àti ohun tí ẹnu mi ṣe. Kì í ṣe ìròyìn ayọ̀ o. Ẹni tó bá ń wá ẹ̀rín, kó yáa máa lọ sójú ìwé ẹlòmíràn.

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, Bùkọ́lá ni orúkọ mi. Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń gbé, nínú ilé bàbá mi. Yàrá tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé ni mo sọ di sítúdíò. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kó ìrépé aṣọ jọ lọ́dọ̀ àwọn télọ̀, kí n gé e, kí n tò ó, kí n wá gán an pọ̀ di aṣọ ìbora aláràbarà tí wọ́n ń pè ní kúìtì. Àwọn kan máa ń fi kọ́ ògiri bí àwòrán. Àwọn aládùúgbò mi ní tiwọn ń pè mí ní Ìyá Alákìísà. Mo ti gbà á lórúkọ.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó wà lókè òkun máa ń sọ pé àsìkò tí ewé ń pọ́n tó sì ń já ni iṣẹ́ máa ń wọ àwọn lára jù. Àwa ò ní irú àsìkò yẹn níbí, àbí? Ṣùgbọ́n igi fúrúùtù kan, èyí tí àwọn míì ń pè ní álímọ́ńdì, wà lẹ́yìnkùlé wa. Tí ọyẹ́ bá ti dé, ewé rẹ̀ á pọ́n bí ata rodo, òmíràn á pọ́n ní ìdajì, lẹ́yìn náà wọn á máa já lulẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àsìkò yẹn ni èmi náà máa ń ṣiṣẹ́ jù. Òjò ti lọ, aṣọ tí mo bá fọ̀ á gbẹ kíákíá, ara mi náà á sì fẹ́ ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ bàbá mi gan-an ni mo fẹ́ sọ. Télọ̀ ni wọ́n. Ó lé ní ogójì ọdún tí wọ́n fi rán agbádá àti dàńṣíkí nílùú yìí, kò sì sí ẹni tó wọ aṣọ wọn tó padà wá ráhùn pé apá kan gùn ju ìkejì lọ. Lẹ́yìn tí màmá wa kú ni ìgbàgbé bẹ̀rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, a rò pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí lásán ni. Wọ́n á fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́ sínú ike gaàrí, gbogbo wa á máa wá a kiri. Nígbà tó yá, wọ́n ń jáde lọ wá ṣọ́ọ̀bù wọn tí wọ́n ti wó lulẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Dókítà pè é ní dìméńṣíà, àwọn ẹbí ní arán ni. Orúkọ yòówù kó máa jẹ́, bàbá mi ń lọ díẹ̀díẹ̀, mo sì jókòó tì wọ́n tí mò ń wò ó.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó ti tó oṣù méje tí wọ́n ti pe orúkọ mi kẹ́yìn. Nígbà míì wọ́n á pè mí ní orúkọ àbúrò wọn obìnrin tó ti kú. Nígbà míì wọn ò ní pè mí rárá.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Aṣọ. Ẹ fún bàbá mi ní aṣọ lọ́wọ́, kí ẹ wá wo ojú wọn. Wọ́n á fi ìka méjì rà á wò, wọ́n á sọ fún yín bóyá àńkárá gidi ni àbí ayédèrú, wọ́n á sọ iye yáàdì tó máa tó bùbá àti ṣòkòtò fún ọkùnrin tó sanra. Ọwọ́ wọn tí kì í dúró jẹ́jẹ́ á dúró. Fún wákàtí kan tàbí méjì, bàbá mi á padà wá sílé. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé àga wọn sínú sítúdíò. Mo máa ń gbé ìrépé lé wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n á máa ṣà á sọ́tọ̀, pupa sí pupa, búlúù sí búlúù. Bí ẹ̀rù kan bá ń bà mí láyé nígbà yẹn, ẹ̀rù ọjọ́ tí aṣọ náà ò ní lè mú wọn padà mọ́ ni.

Ibi tí a wà nìyẹn tí wọ́n fi pè mí sí ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà kan ní Abẹ́òkúta. Èmi, Ìyá Alákìísà! Kò sẹ́ni tó pè mí síbi tí wọ́n ti ń to iṣẹ́ sára ògiri rí. Mo ní kúìtì igi fúrúùtù wa ni mo máa gbé lọ. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe é. Àrán pupa wà níbẹ̀, àdìrẹ tí aró rẹ̀ ti ṣá wà níbẹ̀, léèsì tó ní àwọ̀ ìyeyè náà wà níbẹ̀. Mo gé gbogbo rẹ̀ ní ewé ewé, mo tò ó látòkè délẹ̀ kó lè dà bí ẹni pé ó ń já bọ̀. Ó gùn jù mí lọ.

Bàbá kò fẹ́ràn rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wò ó tí wọ́n ń mi orí. Wọ́n á bi mí pé ta ló gé aṣọ dáadáa wẹ́wẹ́ báyìí. Mo máa ń ṣàlàyé pé ọnà ni. Wọ́n á tún béèrè bóyá ẹni tó ni ín kò rí yáàdì kan tó pé rà ni. Èmi á rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ń dùn mí báyìí, torí mo mọ ìtàn náà. Ìjẹ̀bú-Imùṣin ni bàbá mi ti dàgbà. Ṣòkòtò kan ṣoṣo ni wọ́n ní, ìyá wọn sì ń lẹ̀ ẹ́ títí ẹ ò fi ní mọ èyí tó jẹ́ aṣọ àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ mọ́. Alábùlẹ̀ ni àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè wọ́n. Àìmọye ìgbà ni wọ́n ti sọ fún wa pé nítorí orúkọ yẹn ni àwọn ṣe lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀. Ṣé kò yẹ kí n ti ronú kàn án? Mo fi àbùlẹ̀ tó gùn ju ènìyàn lọ síwájú ẹni tó ti ń sá fún àbùlẹ̀ láti kékeré, mo wá ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó ṣètò ìpàtẹ ní kí gbogbo àwa tí a máa kó iṣẹ́ wá yọjú wá wo ibi tí wọ́n máa fi wá sí. Ọjọ́ méjì ni ìrìn àjò náà. Mo pe Ṣadé, àbúrò mi obìnrin tó wà nílé ọkọ ní Ìbẹfun, pé kó wá dúró ti Bàbá. Mo tẹ́ kúìtì náà sórí tábìlì ńlá, etí rẹ̀ nìkan ló kù kí n gán. Mi ò ti ilẹ̀kùn. Kí ni mo fẹ́ ti ilẹ̀kùn fún? Inú yàrá yẹn gan-an ni Bàbá ti ń rí ìsinmi.

Lọ́jọ́ kejì Ṣadé pè mí lórí fóònù, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní Bàbá ti ń ṣiṣẹ́ láti àná, pé wọ́n jẹun dáadáa, pé wọ́n tiẹ̀ ń kọrin sínú. Ó ní wọ́n pe òun ní Ṣadé, wọ́n sì béèrè àwọn ọmọ òun. Ó bi mí pé irú iṣẹ́ wo ni mo gbé fún wọn tó bá wọn lára mu tó báyìí. Èmi rò pé ìrépé tí wọ́n máa ń ṣà ló ń sọ. Mo ní ká dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Nínú ọkọ̀ tí mò ń bọ̀, ẹ̀rín lásán ni mò ń rín.

Ọ̀sán ni mo wọlé. Bàbá jókòó sídìí tábìlì, téèpù wà lọ́rùn wọn, bíléèdì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti tú kúìtì mi.

Wọn ò fà á ya o. Wọ́n tú u bí ọ̀gá télọ̀ ṣe ń tú aṣọ tí ọmọ iṣẹ́ rán dàrú, ojú ìrán kan lẹ́yìn òmíràn, bíléèdì ò sì kan aṣọ rárá. Wọ́n ti ká àwọn ewé mi sí òkìtì òkìtì, pupa sí pupa, ìyeyè sí ìyeyè. Òwú tó gùn nínú èyí tí wọ́n fà yọ, wọ́n ti wé e mọ́ páálí kí ó má baà ṣòfò. Ìsàlẹ̀ pátápátá nìkan ló ṣẹ́kù tó ṣì so pọ̀.

Wọ́n gbójú sókè, wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi. Wọ́n ní, "Bùkọ́lá, o ti dé? Mo ti bá ọ tú u. Ẹni tó rán an ò mọṣẹ́. Wọn ò ní fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́."

Ṣé ẹ rí i? Wọ́n pe orúkọ mi. Lẹ́yìn oṣù méje, bàbá mi wò mí lójú, wọ́n mọ̀ mí, wọ́n sì ń gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀sín tí wọ́n jẹ lọ́mọdé. Èmi tí mo ti ń gbàdúrà kí n gbọ́ orúkọ yẹn, mi ò gbọ́ ọ. Òkìtì aṣọ nìkan ni mò ń wò.

Mo pariwo mọ́ wọn. Mi ò pariwo mọ́ bàbá mi rí látìgbà tí wọ́n ti bí mi. Mo bi wọ́n pé ta ló rán wọn níṣẹ́, mo ní wọ́n ti fi oṣù mẹ́ta mi ṣòfò. Ṣadé sáré wọlé, ó dì mí mú, ó ń bẹ̀ mí. Ohun tí mo ti sọ kò tíì tó mi. Mo ń wá ohun tó máa dùn wọ́n jù, mo sì mọ̀ ọ́n, torí ilé télọ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi. Mo purọ́. Mo ní, "Aṣọ oníbàárà ni! Aṣọ oníbàárà lẹ bà jẹ́ yìí. Ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan aṣọ mọ́ láé."

Nínú gbogbo ọdún tí wọ́n fi ṣiṣẹ́, kò sí oníbàárà kankan tó sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí wọn. Bàbá gbé bíléèdì sílẹ̀. Wọ́n yọ téèpù lọ́rùn, wọ́n ká a dáadáa, wọ́n gbé e síwájú mi. Wọ́n wá dìde, wọ́n tẹrí ba fún mi. Wọ́n ní, "Ẹ máà bínú, ma. Ẹ jọ̀ọ́, ma."

Wọn ò pe orúkọ mi mọ́ láti ọjọ́ náà.

Mi ò lọ sí ìpàtẹ. Ẹ má bá mi kẹ́dùn ìyẹn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ara mi ti balẹ̀, ojú sì ń tì mí. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú wọn pé kí wọ́n dárí jì mí. Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu, wọ́n bi mí pé kí ni mo ṣe. Wọ́n ti gbàgbé. Ẹ ò rí i pé òmùgọ̀ ni mí? Mo dúpẹ́ nínú mi. Mo ní ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn, mo gbé ìrépé aṣọ lé wọn lẹ́sẹ̀ bí mo ti máa ń ṣe.

Bàbá mi fa ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, wọ́n tì í bọ abẹ́ itan. Wọ́n ní aṣọ oníbàárà ni, pé wọ́n ní kí àwọn má fọwọ́ kàn án.

Mo bi wọ́n pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ronú títí, wọn ò rántí. Wọ́n ní ìyá kan ni. Wọ́n ní inú ń bí i gan-an.

Kí ni mi ò tíì ṣe? Mo ra àńkárá tuntun, mo gbé e wá nínú ọ̀rá rẹ̀. Ṣadé gbé ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ wá láti Ìbẹfun pé kí wọ́n bá òun wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Alhaja tó ń gbé ní ilé kejì sí wa gbé ìborùn tirẹ̀ wá, ó ní, "Bàbá Bùkọ́lá, èmi ni mo ni ín, èmi ni mo ní kí ẹ mú un." Wọ́n kí Alhaja tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọn ò gbà á. Báyìí, ọwọ́ wọn ò dúró mọ́. Wọ́n máa ń fi èékánná ha ọ̀dà ara ògiri títí di ìrọ̀lẹ́. Èmi náà ti da aṣọ bo maṣíìnì mi. Ojú wo ni mo fẹ́ fi jókòó sídìí rẹ̀ níṣojú wọn?

Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹyin lohùn. A máa ń fi gba ọmọ ẹlòmíràn nímọ̀ràn. Ohun tí èmi wá mọ̀ nìyí: ẹ má tan ara yín pé àgbà tó ń gbàgbé máa gbàgbé ohun tí ẹ sọ sí i. Ó lè gbàgbé ẹni tó sọ ọ́, ó lè gbàgbé ọjọ́ tí ẹ sọ ọ́ àti ìdí tí ẹ fi sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà á ṣì wà níbẹ̀, tí kò ní sẹ́ni tí ẹ máa bẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú òbí báyìí nílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ ibí fún mi. Ǹjẹ́ ẹ ti rí ọ̀nà kankan tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fi kúrò lọ́kàn wọn? Ẹ má sọ pé kí n máa gbàdúrà, mò ń gbà á. Ohun tí ẹ ṣe gan-an ni mo fẹ́ gbọ́, torí ó ti dé orí aṣọ ọrùn wọn báyìí.

Láàárọ̀ yìí mo mú bùbá funfun kan wá, èyí tí wọ́n fọwọ́ ara wọn rán nígbà tí màmá wa ṣì wà. Bí mo ṣe ń wọ̀ ọ́ fún wọn, wọ́n na apá méjèèjì síta, wọ́n ká ìka kúrò níbẹ̀ kó má baà kàn án. Wọ́n bi mí pé aṣọ ta ni. Mo ní, "Tiyín ni, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ rán an."

Wọ́n wo ọ̀nà ilẹ̀kùn, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ṣé ìyá yẹn mọ̀ pé ẹ gbé e fún mi?"

Mo ní ó mọ̀.